Wákàtí Iṣẹ́ Wa: Ta Ló Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn sọ níbi ìpàdé ní Sábọ́n-Gàrí, Kánò)

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìsìnkú, kì í sì í ṣe ti owó oṣù ẹgbẹ́ tí àwọn kan jẹ. Akápò yóò bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni. Iye wákàtí tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ lóṣù, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀, ibo ló kọ ọ́ sí, ta ló sì lè kà á jáde nígbà tí àríyànjiyàn bá dé?

Ohun tó fà á ni pé nínú gbogbo ẹjọ́ tó ń dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn wa, ẹjọ́ owó iṣẹ́ kì í tán. Bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ ilẹ̀, a máa ń rí ìwé. Bí ó bá jẹ́ ti gbèsè, ẹlẹ́rìí máa ń wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá jọ dé, tí ọ̀kan ní òun ṣiṣẹ́ kọjá àkókò, tí èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìbúra ló máa ń kù. Ọ̀kan á ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, èkejì á ní Bíbélì ni tòun, àwa tí a jókòó sáàárín kò wá mọ ẹni tí a ó gbà gbọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin wa kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan nínú ìlú yìí, a kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ṣíìfù mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe: aago mẹ́fà àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, méjì sí mẹ́wàá alẹ́, mẹ́wàá sí mẹ́fà ìdájí. Oṣù kan wà tí ẹni tó yẹ kó wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì dúró ṣe ṣíìfù méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, wákàtí 40 nìyẹn. Nígbà tí owó dé, wákàtí 24 ni wọ́n san. Inú bí i. Ó lọ bá súpáfáísọ̀, ìyẹn ní kó lọ bá àwọn tó ń kọ àkókò lẹ́nu géètì. Àwọn yẹn ṣí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n rí. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fi dá wọn lóhùn? Ẹnu lásán ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló yọ ọ́. Ìyẹn ní ìwé kékeré kan nínú àpò ṣòkòtò, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń ṣírò búlọ́ọ̀kù. Ó ń kọ ọjọ́, aago ìwọlé, aago ìjáde, àti ẹni tí wọ́n jọ wà nídìí ẹ̀rọ. Orúkọ ọmọ wa wà níbẹ̀ ní ọjọ́ márààrún. Wọ́n fi í wé ti géètì, wọ́n wá rí i pé ní ọjọ́ méjì tó kù, iná ti lọ, ẹ̀rọ kò ka káàdì, mẹ́gáàdì sì ti fọwọ́ kọ orúkọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n san án. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà fẹ́ jalè. Ẹ̀rọ kò lè sọ ohun tí kò rí, ẹni tó ń ṣírò owó kò sì mọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ sọ fún un lọ.

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1888 ni ọkùnrin kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní ìlú Auburn, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, Willard Bundy lorúkọ rẹ̀, ṣe aago tó ń tẹ àkókò ìwọlé òṣìṣẹ́ sórí ìwé. Nígbà náà, kọ́kọ́rọ́ ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń tì bọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ dá sílẹ̀ wà lára àwọn tó para pọ̀ lẹ́yìn náà, tó sì di èyí tí gbogbo ayé ń pè ní IBM láti ọdún 1924. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: lára àwọn tó wá di àgbà nídìí kọ̀ǹpútà, àtiṣírò wákàtí òṣìṣẹ́ ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn kọ́kọ́rọ́ ni káàdì páálí dé, èyí tí àwọn àgbà inú wa lò, lẹ́yìn rẹ̀ ni káàdì oníke. Ní báyìí, ìka ọwọ́ tàbí ojú ni ọ̀pọ̀ ń kà.

Lóṣooṣù, ẹ̀rọ náà lè tẹ ìwé kan jáde fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwọlé á tẹ̀lé e, ìjáde á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iye wákàtí ọjọ́ náà, iṣẹ́jú tó fi pẹ́, àti èyí tó lé. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń ṣírò owó oṣù, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀yin ní tiyín, òkè ni kí ẹ wò, ọjọ́ kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí òkè ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ àwọn ibi tó ti ń sá mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ṣíìfù alẹ́. Ẹni tó wọlé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè yóò jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Bí wọn kò bá ṣètò ẹ̀rọ náà dáadáa, yóò rí ìwọlé kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí kò ní ìjáde, yóò rí ìjáde kan lọ́jọ́ Túsìdeè tí kò ní ìwọlé, yóò sì ka méjèèjì sí òfo. Ènìyàn ṣiṣẹ́ mọ́jú, ìwé ní kò wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe alẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Èkejì ni gígé iṣẹ́jú. Wọ́n máa ń ṣètò ẹ̀rọ mìíràn pé kó máa sún àkókò sí ìdá mẹ́rin wákàtí. Ẹni tó wọlé nígbà tí aago mẹ́fà kọjá iṣẹ́jú 8, á kọ ọ́ sí mẹ́fà kọjá iṣẹ́jú 15. Bí ó bá ń sún un síwá sẹ́yìn bákan náà fún tọ̀tún tòsì, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sún ìwọlé síwájú, tó tún ń fa ìjáde sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́jú 10 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, iṣẹ́jú 260 ni: wákàtí 4 àti ogún iṣẹ́jú lófo. Òmíràn tún wà tó máa ń yọ wákàtí ìsinmi kan lójoojúmọ́, bóyá ẹ sinmi o, bóyá ẹ kò sinmi. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ má kúrò nídìí ẹ̀rọ ní ọ̀sán, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín pé ẹ kò kúrò níbẹ̀.

Èyí tí a fẹ́ sọ tẹ̀ lé e kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. A gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa kan máa ń fún ara wọn ní káàdì, kí ẹni tó tètè dé bá ẹni tó pẹ́ lù ú. Ẹ má ṣe é mọ́. Ẹgbẹ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan, wọn ò ní gbà pé ìwé ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ́ òtítọ́ mọ́, ẹni tó ti ń dé ní aago mẹ́fà fún ọdún mẹ́wàá á sì jìyà rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ti òfin. A ka òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, tó wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004. Èdè rẹ̀ le, ṣùgbọ́n a jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé òfin náà sọ pé wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Washington lọ́dún 1919 ló sọ wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Òfin tiwa sọ pé iye wákàtí ni èyí tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá fẹnu kò sí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá wọn dúnàádúrà lé lórí, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́ bá là sílẹ̀. Èyí tó bá lé lórí rẹ̀ ni ófátáìmù. Kò sì sọ iye tí wọn yóò san fún ófátáìmù náà. Ẹ rí i pé bí àdéhùn kò bá sí nínú ìwé, kò sí ibi tí a ti fẹ́ mọ èyí tó lé.

Òfin kan náà ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí wọ́n kọ ipò iṣẹ́ rẹ̀ sí, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú yín ló ní in? Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, bí wọ́n tilẹ̀ pín in sí ọ̀nà méjì. Ó ní nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbáko jẹ́ ti ìsinmi. Lẹ́yìn oṣù méjìlá, ìsinmi olówó tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà wà fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àkọsílẹ̀ owó àti ipò iṣẹ́.

Nípa pípẹ́ dé: òfin kò gbà kí ọ̀gá máa gé owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bí owó ìtanràn. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan, kí wọ́n má san wákàtí kan náà fún un, ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n pé o pẹ́ iṣẹ́jú 10, kí wọ́n gé owó ọjọ́ kan odindi, ìtanràn nìyẹn. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Àwa tí a wà ní Kánò kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ìpínlẹ̀ yìí ni ìjọba ẹgbẹ́ PRP ti kọ́kọ́ sọ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún di ọjọ́ ìsinmi fún òṣìṣẹ́, lọ́dún 1980. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1981, ló tó di ti gbogbo Nàìjíríà.

Ó kù ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, a kò sì yọ ara wa sílẹ̀, nítorí oníṣòwò ni àwa náà. Òfin tí a ń kà yìí kò ka mọ̀lẹ́bí ọ̀gá mọ́ àwọn tó ń pè ní òṣìṣẹ́. Òfin owó oṣù tó kéré jù, tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò sì de ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25. Ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ àbúrò ni, ọmọ ará ilé tí ìyá rẹ̀ fà lé wa lọ́wọ́ ní gáréèjì ni. Òfin ti fò wọ́n dá. Àwa nìkan ló kù tí a lè kọ wákàtí wọn sílẹ̀.

Ìyá kan nínú wa tó ń ta aṣọ mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ìlú yìí. Ọmọ náà lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wá ní òun fẹ́ owó tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò tòun. Ìyá ní, ṣé oúnjẹ tí o jẹ kì í ṣe owó ni? Ọmọ ní, ṣé iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ni? Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kàkà kí a dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, a fún àwọn méjèèjì ní ìwé kíkọ kọ̀ọ̀kan, a ní kí wọ́n lọ kọ ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnì kan má wo ti ẹnì kejì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, méje alẹ́ ni wọ́n ń tì. Wákàtí 11, ọjọ́ mẹ́fà, 66 nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù nìkan. Ọmọ náà tún kọ omi pípọn, ilé gbígbá àti oúnjẹ alẹ́ sí i, gbogbo rẹ̀ di wákàtí 87. Ti ìyá fúnra rẹ̀ jẹ́ 84. Ó ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó dákẹ́, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, èmi náà kò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀.” A kò tún ní láti pariwo. Wọ́n fẹnu kò pé ọmọ náà yóò máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, pé ọjọ́ Sọ́ńdè di tirẹ̀, wọ́n sì kọ iye owó tí ìyá yóò máa fi pamọ́ fún un lóṣooṣù títí ọdún kan. Ó ti ń ránṣọ tirẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ kan náà ló sì ti ń ra aṣọ.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. A kì í san owó oṣù fún un, ṣùgbọ́n ọdún tí a bá a dá, iṣẹ́ ló wá kọ́. Bí ọ̀gá bá rán an lọ sí oko tàbí tó ń fi í fọ mọ́tò lójoojúmọ́, ọjọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀kọ́. Bí ó bá wà nínú ìwé, nígbà tí frídọ̀ọ̀mù bá tó, kò ní sí pé ọmọ kò tíì mọ iṣẹ́.

Kò pọn dandan kí oníṣọ́ọ̀bù ra ẹ̀rọ. Ìwé kíkọ ọmọ iléèwé kan tó. Ẹ fa ìlà: ọjọ́, ìwọlé, ìsinmi, ìjáde, àpapọ̀, ọwọ́ ọ̀gá, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹ fi bírò kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ tó bá dé. Ẹni tó bá dúró di ìparí oṣù, àlá ló ń kọ. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan lé e lórí kí ojú ṣì lè rí i, ẹ má ya ojú ewé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè tẹ̀ka. Kí ẹ sì ro ó pọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, níwájú ara yín, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ṣì tutù lójú àwọn méjèèjì.

Àṣìṣe kan wà nínú ìṣirò tí a ń rí lemọ́lemọ́. Wákàtí méje àti ọgbọ̀n iṣẹ́jú, 7.5 ni lórí ẹ̀rọ ìṣirò, kì í ṣe 7.30. Bí wákàtí kan bá jẹ́ ₦400, 7.5 yóò fún yín ní ₦3,000, ṣùgbọ́n 7.30 yóò fún yín ní ₦2,920. ₦80 lójúmọ́ kò jọ nǹkan kan lójú. Ọjọ́ 26, ó di ₦2,080. Ẹ tún wo èyí: ẹni tó ń gba ₦70,000 fún ọjọ́ 26, tó ń ṣe wákàtí 8, ń gba bíi ₦336 ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá fà á di wákàtí 12 láìfi kọ́bọ̀ kún un, wákàtí rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ₦224. Owó oṣù kò yí padà, kò sí ẹni tó gé e, síbẹ̀ ó ti dín. Ìwé wákàtí nìkan ló lè fi èyí hàn yín. Ìwé owó oṣù kò ní sọ ọ́.

Ìbéèrè tí àwọn kan bi wá nípa ìka ọwọ́: láti ọdún 2023, Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, ìka àti ojú sì wà lára èyí tí òfin náà kà sí ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ lè béèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wa, ilé ẹjọ́ National Industrial Court ni àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin Nàìjíríà, ti ọdún 2010, gbé ẹjọ́ iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀ka ní Kánò níbí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì mú ìwé yín dání. Láti ìpàdé tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ kò ní gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ kankan láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ọ̀gá kò bá ní ìwé wákàtí. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá sọ ni a ó gbà. A ti fi èyí sí ìdìbò láàárín àwọn olóyè, ó sì ti wọlé.

Akọ̀wé ti ra àwọn ìwé kékeré alápò, wọ́n wà lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, iye tí a rà wọ́n náà la ó gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọlé ṣíìfù ní aago mẹ́wàá alẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú kí ẹ mú tiyín, ká má baà tì yín pẹ́.